Ọmọ yẹn ti dàgbà: ta ló máa bá a dé ọ́fíìsì?

 

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan wà lọ́jà yín. Tó bá ń to ọsàn fún ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù bá fọn fèrè, á di etí, á sá lọ. Kì í fẹ́ wojú èèyàn. Ẹ bi í ní nǹkan, ó lè máa tún ìbéèrè yín sọ. Àwọn kan á ní wèrè ni. Àwọn míì á ní ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀. Irọ́ ni o.

Ó lè jẹ́ ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ótísìmù. Àwọn ló lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì sọ ọ́. Wọ́n ń bí i mọ́ èèyàn ni. Kì í ràn, kì í sì í ṣe èpè. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn, nítorí náà ẹ má kó owó gààrí yín fún ẹni tó bá ní òun á lé e jáde.

Ọmọ tó ní in á dàgbà pẹ̀lú rẹ̀ ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá ló ń bá a sọ̀rọ̀ níbi gbogbo. Ìyá ti ń darúgbó báyìí. Lọ́jọ́ tí ìyá ò bá sí mọ́, ta ló máa bá a dé ilé ìwòsàn? Ta ló máa sọ fún ẹbí pé kí wọ́n má ta ilẹ̀ tó kàn án?

Òfin wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ìjọba Benin ṣe òfin 2017-06 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Kì í ṣe ti afọ́jú àti arọ nìkan. Ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba ní CPS, tí wọ́n ń pè ní GUPS báyìí. Ọ̀fẹ́ ni láti sọ ẹjọ́ yín fún wọn. Ẹ mú ìwé ìbí rẹ̀ àti CIP dání. Tí kò bá ní, ẹ lọ náà, kí wọ́n lè tọ́ yín sọ́nà.

Ẹgbẹ́ yín pàápàá lè yan ẹnì kan tó máa bá a lọ, láìgba owó. Ẹ kọ́kọ́ bi òun fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́. Ẹ sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà fún un láti àná. Ẹ tètè jáde kí ariwo ọjà tó pọ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró de èsì. Agbẹnusọ kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni. Ó ń bá a gbé e dé ibi tí wọ́n á ti gbọ́ ọ ni.

Ìdí ọmọ ẹni kì í burú ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ẹlòmíràn. Kí ẹ tó túká lónìí, ẹ bi ara yín: ta ló wà ní abúlé wa tí ọ̀rọ̀ yìí kàn? Ta ni ó fọkàn tán? Ọjọ́ wo la máa bá a lọ?