Kíkọ́ Ajá àti Títọ́ Ajá: Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí Kan àti Ewu Àṣìyàn Wọn

Olùtumọ̀ tí ó bá dáwọ́ lé ìwé kan lórí bí a ṣe ń kọ́ ajá ilé kò ní í tí ì ka ojú ìwé kìn-ín-ní tán kí ìṣòro tó dé bá a. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, train, ni ìwé náà yóò máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ kan kárí gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí. A ń tọ́ ọmọ. A ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́. Eléré ìje ń dánra wò. Ẹni tí a tọ́ dáadáa lè má mọ iṣẹ́ ọwọ́ kankan, ẹni tí ó sì mọṣẹ́ lè má gbẹ̀kọ́ nílé. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ bí àbíìkọ́ fi hàn pé kọ́ máa ń wọ agbo ilé tọ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n èdè-ìperí ní ẹ̀tọ́ láti pààlà síbi tí èdè ojoojúmọ́ kò ti pààlà. Nínú ìmọ̀ ajá, ààlà yìí ṣe kókó, nítorí pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni títọ́ ọmọ ajá àti kíkọ́ ajá ní iṣẹ́, àkókò wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Títọ́ ni ó kọ́kọ́ wáyé. Ní ọdún 1965 ni J. P. Scott àti J. L. Fuller tẹ ìwé ńlá wọn jáde lórí àjogúnbá àti ìṣesí ajá, lẹ́yìn ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ṣe ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé sáà kan wà nínú ayé ọmọ ajá, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá, tí ó jẹ́ pé ohunkóhun tí ó bá bá pàdé nígbà náà ni yóò gbà gẹ́gẹ́ bí ara ilé. Ọmọ ajá tí kò bá rí ènìyàn ní sáà yìí yóò máa sá fún ènìyàn, iṣẹ́ ńlá ni a ó sì ṣe kí ó tó yí padà. Orúkọ tí ó bá ètò yìí mu jù ni ìmúmojú. Yorùbá a máa sọ nípa ẹran tí kò sá fún èèyàn mọ́ pé ó ti mojú. Ìbákẹ́gbẹ́, tí àwọn olùtumọ̀ kan lè fẹ́ lò, mú ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ ẹgbẹ́ àti àwùjọ ọmọ ènìyàn jù. Kò sì sọ pé ohun tí a ń ṣe ni lílé ìbẹ̀rù lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn onílé tààrà. Àṣà kan wà tí ó gbilẹ̀ ní àwọn ìlú wa: a ti ọmọ ajá mọ́ inú àgò láti kékeré kí ó má baà mọ ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú èrò pé yóò tipa bẹ́ẹ̀ di ajá ọdẹ ilé tí ó gbóná. Ohun tí a ń rí gbà ni ajá tí ẹ̀rù ń bà. Ajá tí ẹ̀rù ń bà kì í yan ẹni tí yóò bù jẹ. Ọmọ onílé ni ó sì sábà máa ń sún mọ́ ọn jù.

Ní ti kíkọ́, ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ yọ ni Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara. Ó ṣàkíyèsí pé itọ́ ajá bẹ̀rẹ̀ sí í dà kí oúnjẹ tó dé ẹnu rẹ̀, bí àmì kan bá ti ń ṣáájú oúnjẹ náà nígbà gbogbo. Ìsopọ̀-àmì ni a lè pe irú ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí i. Òwe tí ó sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ ti gbà láìjanpata pé ajá yòókù ń gbọ́ ọ. Fèrè náà fúnra rẹ̀ kò ní adùn kan fún ajá. Ohun tí a so pọ̀ mọ́ ọn ni ó ń mú ajá sáré padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni iṣẹ́ B. F. Skinner, tí ìwé rẹ̀ The Behavior of Organisms jáde ní 1938. Eku ni ó fi ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ìkọ́ni ajá ti òde òní ni ó ń yá èdè rẹ̀ lò. Ó ní àbájáde ìṣesí kan ni ó ń pinnu bóyá ìṣesí náà yóò tún wáyé. Àbájáde tí ó bá mú un pọ̀ sí i ni ó pè ní reinforcement. Èyí tí ó bá mú un dín kù ni ó pè ní punishment. Ojú ẹsẹ̀ ni ọkàn olùtumọ̀ yóò lọ sí èrè àti ìyà. Méjèèjì ni ó lè ṣini lọ́nà. Èrè wé mọ́ ẹ̀tọ́, ìyà sì wé mọ́ ìrora àti ẹ̀ṣẹ̀. Skinner kò sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ tàbí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó ń wò ni bóyá ìṣesí náà pọ̀ sí i tàbí ó dín kù.

Ẹ jẹ́ kí á wo ajá kan tí ó ń gbó lójú fèrèsé. Onílé jágbe mọ́ ọn. Ajá náà gbó sí i, nítorí pé lójú tirẹ̀ onílé ti dá sí i, ó ti ń bá a gbó. Bí a bá lo ọ̀rọ̀ ìyà, a ó sọ pé onílé fi ìyà jẹ ẹ́, a ó sì máa ṣe kàyéfì pé ajá ya olóríkunkun. Bí a bá lo ìmúgbilẹ̀ fún ohun tí ó ń mú ìṣesí pọ̀, tí a sì lo ìmúdínkù fún òdìkejì rẹ̀, a ó rí i kedere pé igbe onílé gan-an ni ó mú gbígbó náà gbilẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbilẹ̀ dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé bí a ti ń sọ ọ́ nípa àṣà rere náà ni a ń sọ ọ́ nípa àṣà burúkú.

Àwọn ọ̀rọ̀ positive àti negative tí Skinner fi ń pín wọn tún burú ju ti ìṣáájú lọ. Bí a bá túmọ̀ wọn sí rere àti búburú, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ “èrè búburú” sínú ìdánwò, kò sì ní í yé òun fúnra rẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n: ọ̀kan ń fi nǹkan kún un, èkejì ń yọ nǹkan kúrò. Nítorí náà, aláfikún àti aláyọkúrò ni ó tọ́. Bí ajá bá jókòó tí a fún un ní ẹran, ìmúgbilẹ̀ aláfikún nìyẹn. Bí a bá fa ọjá ọrùn rẹ̀ le, tí a kò sì dẹ̀ ẹ́ títí ó fi jókòó, ìmúgbilẹ̀ aláyọkúrò ni. Bí a bá nà án nítorí pé ó fò mọ́ àlejò, tí fífò náà sì dín kù, ìmúdínkù aláfikún ni. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá kẹ̀yìn sí i títí ó fi fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀, ìmúdínkù aláyọkúrò ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbé pàṣán. Ẹni tí ó ní orúkọ kan ṣoṣo, ìyà, fún ohun méjèèjì yìí kò ní í rí ọ̀nà kejì rárá. Konrad Most, tí ó ń kọ́ ajá ọlọ́pàá ní Jámánì, ti gbé ọ̀pọ̀ nínú ìlànà wọ̀nyí kalẹ̀ ní 1910 ṣáájú Skinner, ipá sì pọ̀ nínú ọ̀nà tirẹ̀. Ìmọ̀ ti kúrò níbẹ̀: ní 2021, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń rí sí ìṣesí ẹranko kéde pé ìmúgbilẹ̀ aláfikún ni kí a máa fi kọ́ gbogbo ajá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Skinner, Keller Breland àti Marian Breland, lo ìró kúkúrú láti fi sọ fún ẹranko pé ohun tí ó ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni a fẹ́. Ohun èlò kékeré tí a ń fọwọ́ tẹ̀ tí ó sì ń dún “pa” ni àwọn olùkọ́ ajá ń lò fún un báyìí. Àtẹ̀dún yóò sìn ín dáadáa.

Eré ìdárayá ajá ni ibi tí a ti lè fi ojú rí ẹ̀kọ́ yìí. Kì í ṣe eré ìje lásán, níbi tí ajá ti ń lé ehoro ẹ̀rọ, ni ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín. Ní 1978, níbi ìpàtẹ ajá Crufts ní Lọ́ńdọ̀nù, John Varley àti Peter Meanwell gbé eré kan kalẹ̀ ní àwòkọ ìdíje ẹṣin tí ń fo ọgbà, láti fi dá àwọn òǹwòran lára yá. Ní 1980, Kennel Club ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin sí i. “Eré ìfò” kò kárí rẹ̀, nítorí pé ajá náà tún ń gba inú ihò gígùn kọjá, ó ń lọ́ gba àárín òpó, ó sì ń rìn lórí pákó tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí èkejì ti ń gòkè. Eré ìborí-ìdènà ni ó péye. Nínú eré yìí, okùn kò sí lọ́rùn ajá, olùdarí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì gbọdọ̀ mú oúnjẹ lọ́wọ́. Ohùn àti ìṣípòpadà ara nìkan ni ó kù fún un. Gbogbo ìmúgbilẹ̀ ti wáyé sẹ́yìn, lákòókò ìdánrawò.

Ní ti ìtọ́jú, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a nílò ti wà nílẹ̀: eégbọn, aràn, ìwẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀kan péré ni ó nílò àtúnṣe, òun sì ni ó léwu jù. Dìgbòlugi ni orúkọ àrùn tí ń sọ ajá di wèrè, orúkọ náà sì ń sọ ohun tí ojú rí: ajá tí ń sá kiri tí ń dìgbò lu igi. Ṣùgbọ́n àrùn kan náà a máa gba ọ̀nà mìíràn. Ajá lè dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí ó káwọ́ gbera sí kọ̀rọ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ já sílẹ̀, kí itọ́ máa dà, kí ó má lè gbé nǹkan mì. Onílé a rò pé eegun há a lọ́fun, a sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Itọ́ náà ni fáírọ́ọ̀sì wà. Ní àgbáyé, nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ajá ni ó sì ń kó o ràn wọ́n nínú ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kí ìwé ẹ̀kọ́ ya dìgbòlugi asínwín sọ́tọ̀ kúrò lára dìgbòlugi adákẹ́, kí wọ́n sì máa tẹ méjèèjì sójú kan náà. Lábẹ́ wọn ni kí wọ́n kọ ọ́ pé ọgbẹ́ tí ajá dá síni lára ni a ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí a tó máa lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an.