Ilé Ìṣọ́ Onígi Orí Òkè San Francisco



Àwọn baba wa mọ bí a ti ń fi àrokò ránṣẹ́. Bí a bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ ní ojú-kojú, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ìyapa ni. Àrokò tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, igi ni wọ́n fi ṣe é, orí òkè ni ó sì wà, ní San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní 1848 ni wọ́n rí wúrà ní Kalifọ́níà. Nígbà náà, ará San Francisco kò ju bí 1,000 lọ. Kí 1849 tó parí, wọ́n ti tó bí 25,000. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó fi aya àti ọmọ sílẹ̀ nílé. Ọkọ̀ òkun ni ń gbé lẹ́tà àti ìròyìn wá bá wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1850 ni Kalifọ́níà di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ni ọkọ̀ Oregon tó gbé ìròyìn náà dé: ọjọ́ 39 gbáko!

Òkè kan sì dí wọn lójú, wọn kò rí ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Nítorí náà, ní 1849, wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ onígi sórí òkè náà. Wọ́n ri òpó gíga síbẹ̀, wọ́n sì so apá igi méjì mọ́ ọn, tí a lè gbé sókè, tí a sì lè sọ̀ kalẹ̀. Àmì ọkọ̀ onígbòkun yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí olùṣọ́ bá rí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, tí àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá ń wa omi ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, á na apá méjèèjì gbọọrọ. Ọkọ̀ yìí ni ń gbé lẹ́tà! Kíá, àwọn ènìyàn á lọ tò sí ẹnu ilé ìfìwéránṣẹ́.

Wọ́n a máa pa á nítàn pé òṣèré kan na apá rẹ̀ méjèèjì lórí ìtàgé, ó ní, “Kí ni ìtumọ̀ èyí?” Ẹnìkan kígbe láàárín èrò pé, “Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni!” Ẹ̀rín sọ.

Ní 1853, wọ́n fa wáyà ní ibùsọ̀ 8 láti Point Lobos, létí òkun gan-an, dé orí òkè náà. Ẹni tí ó wà létí òkun ń tètè rí ọkọ̀, ìròyìn sì ń gba inú wáyà dé lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ apá igi. Ní 1870, ìjì wó ilé ìṣọ́ náà lulẹ̀.

Coit Tower, ilé gogoro oníkọnkéré tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 210, tí wọ́n parí ní 1933, ni ó dúró lórí òkè náà lónìí. Ṣùgbọ́n Telegraph Hill ni òkè náà ṣì ń jẹ́, èyí ni òkè tí a ti ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ìdí tí òkè àti àdúgbò tiyín fi ń jẹ́ orúkọ wọn. Ohun tí igi kò lè pa mọ́, orúkọ a máa pa á mọ́.