Eléré ìdárayá tí wọ́n lé nítorí tẹ́tẹ́: ṣé ká gbà á padà, ṣé ká tún dá a lọ́lá?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí a rí i pé ó yẹ ká là yé ara wa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń wo eré ìdárayá, tí tẹ́tẹ́ sì ti wọ inú eré náà bí omi ṣe ń wọ inú yanrìn. Bí wọ́n bá lé eléré kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí tẹ́tẹ́, ṣé ó tọ́ kí wọ́n gbà á padà? Ṣé ó sì tọ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹni ọlá? Ìbéèrè méjì ni. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ra, ìdáhùn rẹ̀ kò ní tọ́.

Pete Rose àti Joe Jackson

Bésíbọ́ọ̀lù ni Pete Rose ń gbá. Nínú eré yìí, ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi kùmọ̀ gbá a, á sì sáré lọ sí ibùdó kó tó di pé wọ́n mú un. Ìgbà 4,256 ni Rose gbá a láṣeyọrí nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tó tíì bá a níbẹ̀. Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá Cincinnati Reds, ìwádìí fi hàn pé ó ń ta tẹ́tẹ́ lórí bésíbọ́ọ̀lù, títí kan ìdíje ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń darí. Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 1989, ó fọwọ́ síwèé pé òun gbà kí wọ́n lé òun títí ayé. Ní 1991, àwọn tó ń bójú tó Ilé Ọlá àwọn eléré náà ní Cooperstown, ìpínlẹ̀ New York, ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára àwọn tí wọ́n lé, wọn kò gbọdọ̀ dìbò fún un.

Fún nǹkan bí ọdún 15 ni Rose fi ń sẹ́ pé òun kò ta tẹ́tẹ́ lórí bésíbọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ní 2004, ó jẹ́wọ́ nínú ìwé tó kọ, ó ní àṣeyọrí ẹgbẹ́ òun ni òun máa ń fi owó lé, pé òun kò ta á rí pé kí wọ́n pàdánù. Ó kú ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 83. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Rob Manfred tó jẹ́ ọ̀gá àgbà eré náà kéde pé ikú ló máa ń fòpin sí irú ìjìyà yìí, nítorí pé òkú kò lè ba eré jẹ́ mọ́. Orúkọ òkú 17 ni wọ́n yọ kúrò nínú ìwé náà.

Joe Jackson wà lára wọn. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ Chicago White Sox pé wọ́n lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn atatẹ́tẹ́ kí ẹgbẹ́ wọn lè pàdánù àṣekágbá ọdún 1919. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre ní 1921, síbẹ̀ adájọ́ Landis, ọ̀gá àgbà eré náà nígbà náà, lé gbogbo wọn títí ayé. Jackson ti sọ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí pé òun gba 5,000 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nínú àṣekágbá yẹn. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀.

Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹlòmíì á ní: bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ta tẹ́tẹ́ pé ẹgbẹ́ òun á borí, ta ló pa lára? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ tó bá fi owó sílẹ̀, ó lè lo ọmọ tó ti rẹ̀ tàbí tó farapa, kí owó rẹ̀ má baà lọ. Lọ́jọ́ tí kò bá sì fi owó sílẹ̀, àwọn tó ń gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nípa ìdíje ọjọ́ náà. Bó bá wá jẹ wọ́n ní gbèsè, wọ́n ti di ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó sanwó wọlé wá wòran ni wọ́n ń tàn jẹ.

Nínú Súrátul Máídah, áyà 90 àti 91, Ọlọ́hun Ọba ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí, ó sì jẹ́ ká mọ ìdí rẹ̀: ó ń dá ọ̀tá àti ìkórìíra sílẹ̀ láàárín ẹ̀dá, ó sì ń dí wọn lọ́wọ́ ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun kíkí. Nítorí náà, tẹ́tẹ́ tí eléré ń ta àti èyí tí ọ̀dọ́ ń ta lórí fóònù, ọ̀kan náà ni.

Ìdáríjì, iṣẹ́ àti ọlá

Ìdáríjì ni àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn túúbá ṣí sílẹ̀. Kí ènìyàn jáwọ́, kí ó kábàámọ̀, kí ó pinnu pé òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́, kí ó sì dá ẹ̀tọ́ ọmọlàkejì padà bó bá wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní àṣẹ láti ti ilẹ̀kùn yìí.

Iṣẹ́ ni ìkejì. Níbí, àwọn onímọ̀ wa ti bá wa ronú. Nínú Súrátun Núr, ẹni tó bá fẹ̀sùn ṣìná kan obìnrin ọmọlúwàbí láìmú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá, wọ́n á nà án ní 80 ẹgba, wọn kò sì ní gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni áyà 5 yọ àwọn tó túúbá sọ́tọ̀. Ìmáàmù Málíkì àti Ìmáàmù Ṣáfíì ní bó bá ti túúbá, ẹ̀rí rẹ̀ ti di gbígbà. Ìmáàmù Abú Hanífà ní túúbá rẹ̀ mú orúkọ pòkíì kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Gbogbo wọn ló gbà pé Ọlọ́hun ń forí jin ẹni tó túúbá. Ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí ni bóyá ènìyàn tún lè fọkàn tán an. Ẹ ò rí i pé ìdáríjì yàtọ̀ sí ìfọkàntán.

Ní England, wọ́n dá Ivan Toney dúró fún oṣù mẹ́jọ ní 2023 lórí ẹ̀sùn 232 tó gbà pé òun jẹ̀bi rẹ̀. Wọ́n dín ìjìyà náà kù nítorí pé ó jẹ́wọ́, àti pé dókítà rí i pé tẹ́tẹ́ ti di bárakú sí i lára. Ó padà sórí pápá ní oṣù kìíní ọdún 2024. Wọ́n dá Sandro Tonali, ará Ítálì, dúró fún oṣù mẹ́wàá; wọ́n ní kí ó gba ìtọ́jú, kí ó sì máa bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa ewu tẹ́tẹ́. Èyí dára lójú tiwa. Ẹni tó jẹ́wọ́, tó jìyà, tó gba ìtọ́jú, kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé orúkọ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ló wà láyà aṣọ Brentford tí Toney ń wọ̀ nígbà náà. Ẹni tó ń gba owó tẹ́tẹ́ tó tún ń jẹ ọmọ níyà nítorí tẹ́tẹ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ tún ilé ara rẹ̀ ṣe.

Ọlá ni ìkẹta. Ọlá kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni; ẹ̀bùn ni, ó sì ń sọ fún àwọn ọmọdé pé, “Ẹ ṣe bíi tirẹ̀.” Ní oṣù kejìlá ọdún 2027, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 16 ní Cooperstown lè gbé ọ̀rọ̀ Rose yẹ̀ wò, ìbò 12 ló sì máa nílò. A gbà pé kí wọ́n má bú òkú, kí iye 4,256 náà sì wà nínú ìwé títí láé, nítorí òtítọ́ ni. Àmọ́ ikú kì í ṣe túúbá. Ẹni tó parọ́ fún ọdún 15 lórí ohun tó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, kò yẹ kí wọ́n gbé e kalẹ̀ bí àwòkọ́ṣe. Ní ti Jackson, iyèméjì lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìyà, ṣùgbọ́n iyèméjì kì í sọni di ẹni ọlá.

Ohun tó kàn wá nílé

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wá jẹ́wọ́ pé òun ti fi owó ilé ìwé ta tẹ́tẹ́, ẹ má lé e jáde. Ẹ gba túúbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ bá a wá ìrànlọ́wọ́, kí ó sì máa dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má tíì fi àpò owó ilé lé e lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti forí jì í, àti pé ìfọkàntán á padà bí ẹ bá ti ń rí ìwà rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé òun lè jẹ́wọ́ láìsí pé wọ́n sọ òun nù, kò ní fi ọdún 15 parọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó sì gba túúbá gbogbo wa. Àmín.