Àkèré tí kì í ṣe Légbénlégbé

Ọmọ tí ó bá ti pọn omi lódò rí mọ légbénlégbé, ẹ̀dá kékeré onírù tí í lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí ó dákẹ́. Láti inú ẹyin ni ó ti jáde. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ a hù fún un, ìrù rẹ̀ a sì pòórá, a di ọ̀pọ̀lọ́ tàbí kọ̀ǹkọ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé àkèré kan wà tí kì í gba ọ̀nà yìí rárá.

Arthroleptis ni àwọn onímọ̀ ń pè é, orúkọ tí Andrew Smith fún un ní 1849. Irú wọn ju 40 lọ, ní ilẹ̀ Áfíríkà nìkan. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ìhà tiwa ni poecilonotus, èyíinì ni ẹlẹ́yìn aláràbarà, tí Wilhelm Peters ti ìlú Berlin kọ nípa rẹ̀ ní 1863. Ó kéré púpọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti ewé gbígbẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ré e kọjá láìmọ̀.

Ní àkókò òjò, abo rẹ̀ a yé ẹyin díẹ̀ sínú ihò kékeré ní abẹ́ ewé tí ń jẹrà. Oúnjẹ ọmọ wà nínú ẹyin náà; níbẹ̀ ni yóò ti parí gbogbo ìyípadà rẹ̀, nígbà tí ó bá sì jáde, àkèré pátápátá ni. Kò nílò odò. Ṣùgbọ́n ẹyin náà kò ní èèpo líle bí ti adìyẹ. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ó kú.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò rí i bí ọ̀dàn ti gba ilẹ̀, tí àwọn igi ńlá sì fara mọ́ etí odò. Irú ibẹ̀ ni ó yẹ kí a wá a sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń tiná bọ oko àti ìgbẹ́. Bí iná bá wọ etí odò, ewé ilẹ̀ a jóná, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá sì dé, kò sí ohun tí yóò pa ọ̀rinrin ilẹ̀ mọ́.

Èèrà, ikán àti àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó lè gba oko iṣu lọ́wọ́ ikán. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ṣe àsọdùn. Síbẹ̀ ó ń dín wọn kù, kò sì béèrè owó. Awọ ara rẹ̀ ni ó fi ń fa omi mu, tí ó sì fi ń mí pẹ̀lú, nítorí náà oògùn apakòkò àti apakoríko tètè ń wọ̀ ọ́ lára. Kí àgbẹ̀ má ṣe fọ ìfọ́nkoríko rẹ̀ sí etí odò, kí ó sì ro ilẹ̀ mọ́ yí igbó ibẹ̀ ká kí ó tó tiná bọ oko.

Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ga. Ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn òjò ni a ń gbọ́ ọ láti abẹ́ ewé, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì rò pé ìrẹ̀ ni ó ń ké.