Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé ọmọ lè kẹ́kọ̀ọ́ láì lọ sílé ìwé?

Ẹ̀yin ará Parakou, ẹ ti rí i lórí fóònù yín: àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà ò fi ọmọ sílé ìwé. Kò sí tíṣà, kò sí ìdánwò. Ohun tó bá wu ọmọ ló ń kọ́.

1. Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? John Holt, tíṣà ni òun náà. Ní 1977 ló dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún irú òbí bẹ́ẹ̀.

2. Benin ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ 1990, abala 13, sọ pé dandan ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba sì ti mú owó ilé ìwé ìjọba kúrò láti 2006. (Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ìwé àti aṣọ kaki ṣì wà lọ́rùn yín.)

3. Ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá lọ́jà Arzèkè ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ti Holt rárá. Ta ló bi í léèrè ohun tó wù ú?

4. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ ló sún mọ́ èrò Holt jù. Ó na téèpù sára aṣọ, ó ṣírò mítà tó kù lọ́kàn, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìmọ̀ gidi ni! Ìjọba pàápàá ní ìwé ẹ̀rí CQM fún irú wọn. Àmọ́ láìsí CEP, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ò ní gbà á.

Èwo lẹ máa yàn fọ́mọ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sáwọn òbí míì.