Gọ́ọ̀mù Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Òfurufú Àwọn Ọmọ Wa?

Ní 2007, Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ Bayero University ní Kano yìí, fi àlòkù irin mọ́tò àti alùpùpù ṣe hẹlikópítà. Tàwọn ọmọ wa kéré sí i: igi ìgbálẹ̀, bébà fẹ́lẹ́ àti rọ́bà tí wọ́n lọ́, tó ń fò nínú gbọ̀ngàn nígbà ọyẹ́.

Ìwúwo ni ọ̀tá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje àgbáyé, òmíràn kì í wúwo tó gíráàmù 2, láìka rọ́bà rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù, ẹrù ni.

Ẹ rẹ karo, oje igi tí àwọn Hausa ń tà, sínú omi. Tàbí kí ẹ fi omi díẹ̀ po gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà. Ẹ fi ṣóńṣó igi kán an sí oríkèé, ẹ̀kán kan péré. Bí omi rẹ̀ bá gbẹ, ó fúyẹ́. Super glue yára gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń lẹ ìka ọmọdé pọ̀.

Ẹ má ra sólúṣàn tí wọ́n fi ń lẹ táyà fún wọn. Ó lè jẹ fóòmù, òun náà sì ni 'sholisho' táwọn ọ̀dọ́ kan ń fà símú, tó ń ba ọpọlọ jẹ́, tó sì lè pani. Bọ́mọ bá ní òun fẹ́ ra gọ́ọ̀mù, ẹ bi í pé èwo ni, kí ẹ tó fún un lówó.