Bí Àwọn Ọmọ Wa Yóò Ṣe Múra De Ìdíje Tẹnísì Orí Tábìlì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ti ìsọmọlórúkọ tàbí ti ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbá tẹnísì orí tábìlì ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ni.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá. Ní ìrọ̀lẹ́, bí méjì nínú wọn bá kojú ara wọn, bọ́ọ̀lù a máa lọ, a máa bọ̀, àwọn èèyàn a sì máa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ní ìlú yìí díje kẹ́yìn, mẹ́ta nínú àwọn tiwa ni wọ́n ti ní àmì 9 lọ́wọ́ kí wọ́n tó pàdánù. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òbí kan ti ń sọ pé kí a ta tábìlì náà, kí àwọn ọmọ jókòó ti ìwé wọn. Kí a tó ta á, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀nà tí wọ́n fi ń dánra wò wò ná.

Bí wọ́n ṣe ń gbá a ní ìrọ̀lẹ́ kọ́ ni a ṣe ń gbá a nínú ìdíje. Ní ìrọ̀lẹ́, olúkúlùkù ń gbá bọ́ọ̀lù sí ibi tí ẹnì kejì rẹ̀ yóò ti rí i dá padà. Lọ́jọ́ ìdíje, ibi tí a kò ní lè dé ni alátakò ń wá. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ohun tí ọmọ kò bá ṣe ní gbọ̀ngàn kò lè ṣàdédé bá a lọ́wọ́ níwájú èrò. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ rélùwéè mọ èyí dáadáa. Lẹ́yìn tí a bá ti so àwọn wágúnnù mọ́ ẹ́ńjìnnì ni a ń dán bíréèkì ọkọ̀ wò, kí ó tó kúrò ní ìdíkọ̀. Ẹrù ni a fi ń dán agbára wò.

Ẹ wo òfin eré náà. Láyé àtijọ́, àmì 21 ni a ń gbá dé nínú géèmù kan, olúkúlùkù a sì máa gbá sáàfù, èyí tí í ṣe bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀márùn-ún kí ó tó kan ẹnì kejì. Láti ọdún 2001, àmì 11 ni, sáàfù sì di méjì-méjì. Bí géèmù kan bá parí sí 11 sí 9, àmì 20 ni a gbá: 10 bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọmọ wa, 10 láti ọwọ́ alátakò. Síbẹ̀, sáàfù àti gbígba sáàfù gan-an ni àwọn ọmọ wa kì í dánra wò.

Nítorí náà, bí a bá ní wákàtí kan, kí a pín in báyìí:

Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù fún ara wọn kí ara lè yá.

Ìṣẹ́jú 15 tí ó tẹ̀lé e, kí ó jẹ́ ti sáàfù nìkan. Kí ọmọ kó bọ́ọ̀lù sínú abọ́, kí ó gbé agolo mílíìkì sí òdì kejì tábìlì, kí ó sì máa fi sáàfù wá a, nígbà mìíràn ní igun, nígbà mìíràn nítòsí àwọ̀n. Kí ó rántí òfin: orí àtẹ́lẹwọ́ tí ó ṣí sílẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń wà, a ó jù ú sókè tó sẹ̀ǹtímítà 16 ó kéré tán, a kò sì gbọdọ̀ fi apá tàbí ara bò ó mọ́ alátakò lójú.

Ìṣẹ́jú 15 mìíràn, kí ẹnì kan gbá sáàfù, kí ẹnì kejì dá a padà sí ibi tí ó bá wù ú láìsọ tẹ́lẹ̀, kí ẹni àkọ́kọ́ sì fi bọ́ọ̀lù kẹta kọlù ú. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀ ipò.

Ìṣẹ́jú 20 tí ó kù, kí wọ́n gbá géèmù gidi, ṣùgbọ́n kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 8 sí 8. Bí ó bá di 10 sí 10, sáàfù a di ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì fi àmì méjì ju ẹnì kejì lọ ni ó borí. Ẹni tí ó bá pàdánù, kí ó fi tábìlì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí àwọn òǹwòran pariwo bí ti ọjọ́ ìdíje. Àwọn wágúnnù tí a ń wí nìyẹn.

Wákàtí kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ sàn ju wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé kan lọ, nítorí ara tí ó ti rẹ̀ kì í kọ́ nǹkan dáadáa. Kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹni tí wọ́n ń bá gbá: ọlọ́wọ́ òsì, ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, àgbàlagbà tí ó kàn ń dá bọ́ọ̀lù padà láìṣìnà. Kí olúkúlùkù sì ní ìwé kékeré tí yóò máa kọ bí ó ṣe pàdánù àmì kọ̀ọ̀kan sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé eré yìí kì í ṣe tiwa. Ìlú Ọ̀yọ́ ni a ti bí Aruna Quadri. Ní ọdún 2016, ní Òlíńpíìkì ìlú Rio ní ilẹ̀ Brazil, ó na Timo Boll ará Jámánì, ó sì di ọkùnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó wà lára àwọn mẹ́jọ tí ó kù nínú ìdíje ẹnì kan sí ẹnì kan. Ma Long ará Ṣáínà, ẹni tí ó gba wúrà, ni ó dá a dúró. Segun Toriola lọ sí Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀méje, láti 1992 dé 2016. Funke Oshonaike, obìnrin bí àwọn ọmọbìnrin wa, lọ lẹ́ẹ̀méje pẹ̀lú, láti 1996 títí dé ti Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí a ta tábìlì náà. Kí ìwé ṣíwájú, kí eré tẹ̀lé e. Bí ọmọ bá pàdánù tí ó sì wálé, ẹ má ṣe bú u. Ẹ ní kí ó mú ìwé kékeré rẹ̀ wá, kí ó fi ibi tí àmì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ hàn yín. Ohun tí yóò fi dánra wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì nìyẹn. Ẹ bá wa yọjú sí gbọ̀ngàn, kí ẹ wá bá wa pariwo.